Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Tíṣà Ọkọ̀

Kò sí ohun tó ń dá Tíṣà lágara láyé yìí tó ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, á fi ọwọ́ gbá itan, á ní ènìyàn kò mọ ara rẹ̀ rárá. Awakọ̀ tó ń fọn fèrè mọ́ arúgbó tó ń sọdá títì, kò mọ ara rẹ̀. Obìnrin aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé wọn, tó ń bú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé wọ́n lẹ́nu jù, kò mọ ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó máa ń wá ṣòfófó àwọn olófòófó fún un, tìyẹn kúrò ní sísọ. Lẹ́yìn náà, Tíṣà á mí kanlẹ̀, á ní kí Ọlọ́run bá òun fi kún sùúrù òun, bí ẹni pé a rí èyí tó wà nílẹ̀ tí a fẹ́ fi kún.

Ọkọ̀ wíwà ló ń kọ́ àwọn ènìyàn, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ọkọ̀ kékeré kan ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀ ní iléèwé náà. Ọ̀dà ti ṣí lórí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sì ti jìn wọnú níbi tí Tíṣà máa ń jókòó sí. Bíréèkì méjì ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, èkejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Tíṣà, kó lè dá ọkọ̀ dúró bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kó àwọn méjèèjì wọ gọ́tà. Tíṣà máa ń fi bíréèkì kejì yìí yangàn. Ó ní àwọn tíṣà yòókù ń tẹ tiwọn bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wa maṣíìnì ìránṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ lásán ni tòun, ó lè tó oṣù kan kí òun tó fi ẹsẹ̀ kàn án.

Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í yege. Kí a má parọ́ mọ́ ọn, a máa ń rí ẹnì kan tàbí méjì tó bá yọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń forí ṣánpọ́n pọ̀ débi pé ọ̀gá iléèwé ti ń wò ó tìfura-tìfura. Tíṣà kò jẹ́ kí ìyẹn dé ọ̀dọ̀ òun. Ojo ni gbogbo wọn, ó ní. Kọ́nà tí kò le, ọkọ̀ á ti máa wọ́ bí ìgbín. Kí wọ́n tó dé oríta, ọkọ̀ á ti fẹ́ dúró pátápátá. Ó ń sọ ọ́ lójú wọn, àwọn náà sì ń gbà á gbọ́, nítorí ta ni wọ́n fẹ́ bá jiyàn? Alápatà kan wà nínú wọn tó lè fi ọwọ́ kan mú ìwo màlúù kí màlúù náà sì bẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin náà wọ inú ọkọ̀ yẹn tìgboyà-tìgboyà. Kò pẹ́ tó fi ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé pé òun kò tètè mọ̀ pé òun jẹ́ ojo tó báyìí.

Èyí tó wá dun Tíṣà dé egungun ni ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá kan fẹ́ gba ọmọ náà síṣẹ́ pé kó máa wa ọkọ̀ tó ń gbé oògùn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ló kù. Ọmọ tíṣà ọkọ̀ ni, ta ni kò ní í rò pé ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kíní, ó já. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún já. Mátíróònù ilé ìwòsàn náà ránṣẹ́ pé òun kò lè dúró mọ́, bó bá já lẹ́ẹ̀kẹta, ẹlòmíràn lòun máa fún ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin tó ń ṣe ìdánwò fún wọn sọ fún ọmọ náà nígbà tó já lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní eré rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ní bó ṣe ń bọ̀ ló ṣe ń wọ kọ́nà, kì í tètè tẹ bíréèkì. Nígbà tí ọmọ gbé ọ̀rọ̀ yìí délé, bàbá rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló bínú. Ta ló ń sáré? Ọmọ tí òun ń jókòó tì lójoojúmọ́, tí ọkọ̀ kì í yá lọ́wọ́ rẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ ọmọdé lọ? Ó gbà lójú ẹsẹ̀ pé olùdánwò náà kórìíra òun, ìyẹn ló fi ń gbẹ̀san lára ọmọ òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ méjì kiri: olùdánwò yẹn, òpùrọ́ ni, ọmọ tòun náà, ojo ni. Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá iléèwé, ó sọ ọ́ fún onílé, ó sì sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyẹn ni pé ó sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Ọmọ náà kọ́kọ́ jiyàn. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Nígbà tó tún yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́: èmi tí mo jẹ́ ojo báyìí, ẹ má gbé ìyẹn fún mi. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí ló ń gun òrùlé lọ kan páànù tó bá ṣí nígbà tó wà ní kékeré, tí ìyá rẹ̀ á dúró sílẹ̀ tí á máa ké. Ó wá di ẹni tó ń ní kí wọ́n bá òun di àkàbà mú kí òun tó lè pààrọ̀ gílóòbù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí nígbà tí bíréèkì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mẹkáníìkì tú u, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Rọ́bà orí rẹ̀ ti jẹ tán pátápátá, irin abẹ́ rẹ̀ ti ń dán, ọ̀pá tó gbé e dúró ti tẹ̀. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òun tó rí òmíràn. Tíṣà ní kò sí wàhálà, kó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo bẹ́ẹ̀, ṣebí ohun tí òun kì í lò ni. Mẹkáníìkì wo irin ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú Tíṣà, ó tún wo irin náà. Wọn kò sanwó ọ̀rọ̀ fún un, ló bá nu ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó sídìí ìtọ́kọ̀. Wọ́n jáde sí títì, wọ́n kọjá ilé epo, wọ́n forí lé kọ́nà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Níbẹ̀ ni Tíṣà ti máa ń mí kanlẹ̀ lójoojúmọ́, torí pé níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti máa ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Lọ́jọ́ yìí ọkọ̀ kò fà. Bó ṣe ń bọ̀ lójú títì gbọọrọ ló ṣe yí wọ kọ́nà. Táyà ẹ̀gbẹ́ kan gun orí pèpéle, imú ọkọ̀ lọ gbá pátákó tí káfíńtà tò síta, gbogbo rẹ̀ sì ya lulẹ̀ gbìràgbìrà. Káfíńtà jáde tòun ti òòlù lọ́wọ́.

Tíṣà yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó bi í pé kí ló dé tí kò tẹ bíréèkì. Ọmọ náà nawọ́ sí kọ́nà náà.

"Ọkọ̀ yìí máa ń dín eré kù fúnra rẹ̀ níbí," ló wí. "Gbogbo ìgbà tí a bá ti ń dé ibí ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń retí kó dín in kù ni."

"Ọkọ̀ wo ló ń dín eré kù fúnra rẹ̀?"

"Ọkọ̀ yín, Bàbá."

Tíṣà ti la ẹnu láti fèsì kó tó wolẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà na gbọnrangandan, ó ń ti ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí bíréèkì máa ń wà, iṣan rẹ̀ le, ìka rẹ̀ ká jọ sínú bàtà. Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́. Ọkọ̀ ti dúró tipẹ́, káfíńtà ti ń sọ̀rọ̀ létí fèrèsé, ẹsẹ̀ sì ń tẹ ilẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ẹ kò mọ Tíṣà. Kí ó tó délé ló ti rí àlàyé sí i. Ẹni tí pátákó fẹ́ ya lù, kí ló fẹ́ ṣe bí kò bá na ẹsẹ̀? Ní ọjọ́ kejì, ó gbé alápatà jáde. Ó ti pàṣẹ fún ẹsẹ̀ náà láti ilé pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n dé kọ́nà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ na. Ó fà á padà. Wọ́n dé oríta, ó na. Ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ń làágùn bí ẹni tó ń ja ìjàkadì. Alápatà, tí kò mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ ibẹ̀, fi eré wọ kọ́nà kejì débi pé abiyamọ kan sáré gun orí pèpéle. Nígbà tí wọ́n dúró, ọkùnrin náà nu ojú rẹ̀, ó ní ẹ̀rù òun mà ti lọ o.

Òótọ́ ni olùdánwò sọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ bíréèkì í tẹ̀, nítorí wọn kò tíì ní ìdí tí wọ́n fi máa tẹ̀ ẹ́ rí. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Tíṣà ni ẹ̀rù ń bà. Bó bá ti rí kọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti tẹ bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá fà, á wo akẹ́kọ̀ọ́, á rí ojo. Akẹ́kọ̀ọ́ á wo ojú Tíṣà, á rí ojo náà níbẹ̀, á gbà pé òun ni, á gbé e lọ sílé. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Tíṣà máa ń pa òwe yìí fún àwọn ènìyàn dáadáa.

Ojú tì í, ṣùgbọ́n ìtìjú tirẹ̀ kì í jókòó lójú kan. Nígbà tó fi máa dé inú ilé, ó ti di ọgbọ́n tó fẹ́ fi kọ́ ẹlòmíràn. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń ká aṣọ, ó ní òun ti wá mọ̀ pé ẹ̀yin obìnrin lẹ ń fa ìkanra inú ilé yìí, pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹsẹ̀ tó ń tẹ bíréèkì lẹ́yìn ara rẹ̀, kí ìyàwó náà lọ yẹ tirẹ̀ wò. Ìyàwó rẹ̀ sọ aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lánàá ti wá ń wá ti ẹlòmíràn kiri. Ó ní bó bá jẹ́ pé òótọ́ lojú Tíṣà là, ọmọ wà nínú yàrá, kó lọ sọ fún un.

Tíṣà jókòó. Ó rò ó pé òun lè dákẹ́, kí òun kàn ká ẹsẹ̀ kò, kí òun kọ́ ọmọ náà dáadáa, kó yege, kí gbogbo ayé sì gbà pé òun ló lé ojo kúrò lára rẹ̀. Èrò náà dùn mọ́ ọn. Kó tó dùn jù ló dìde.

Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ délẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń retí pé inú rẹ̀ á dùn, ó tiẹ̀ ti múra láti sọ pé kò tọ́pẹ́. Àṣé inú ló ń bí i.

"Èmi ò lè gun àkàbà mọ́, Bàbá," ó wí. "Mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Ẹsẹ̀ yín ni?"

Ó ní ẹsẹ̀ òun ni.

"Ẹ lọ sọ fún wọn. Gbogbo àwọn tí ẹ sọ fún pé ojo ni mí, ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó lè wọ ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú yín."

Ìdánwò kò jìnnà mọ́, Tíṣà kò sì lè dúró du ẹ̀tọ́ bàbá. Ó kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá iléèwé. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó gbá a léjìká, ó ní bàbá rere ni, pé ẹni tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ bo àṣírí ọmọ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Tíṣà ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Ọ̀gá ní ó yé òun. Ó lọ bá onílé. Onílé ní ọmọbìnrin náà jẹ́ èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìtìjú ń pa á, ó hàn lójú rẹ̀, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tíṣà tún un ṣàlàyé, ó fi ẹsẹ̀ ṣe é lórí ilẹ̀ kó rí i. Onílé bi í bóyá ẹsẹ̀ náà ń dùn ún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kẹ́yìn, òun ló sì burú jù. Ìyẹn fi ọwọ́ lérán, ó gbọ́ ọ délẹ̀, ó ní kí àbúrò òun jọ̀ọ́ sinmi. Ó ní òun ti mọ̀ pé ojo lọmọ náà kí Tíṣà tó sọ fún òun rárá. Tíṣà ní kò ṣeé ṣe, òun lòun kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ ṣáájú òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó máa wò ó nígbà tó bá ń sọdá títì. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ohùn Tíṣà fi há. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkùnrin yìí wà nílẹ̀ tó ń ṣa èèpo ẹyin, tí àwọn tó ni ilẹ̀ sì ń sọ fún un pé kò sí ohun tó fọ́.

Ó padà sílé, ó ní òun ti sọ fún wọn, wọn kò gbà. Ọmọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó ní ó dáa, kí wọ́n máa lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe rí Tíṣà ládùúgbò, tó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ìjókòó ọkọ̀ bí ẹni tó jókòó lórí ẹní, tó di orúnkún ara rẹ̀ mú. Bí kọ́nà bá ń bọ̀, á di ojú. Ọmọ náà gun pèpéle lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fọ́ iná ẹ̀yìn níbi tó ti ń padà sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tó yẹ kó tẹ̀. Tíṣà ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, pé ohun kan ń dá ọkọ̀ dúró tí kì í ṣe òun. Ọjọ́ ìdánwò pé, ó yege. Olùdánwò ní kò sí ẹni tó tẹ bíréèkì dáadáa tó o láti àárọ̀. Tíṣà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ọkùnrin náà kò sì mọ ohun tó ń torí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, nítorí kò mọ̀ pé wọ́n ti ń pe òun ní òpùrọ́.

Nígbà tí ilé ìwòsàn fún ọmọ náà lọ́kọ̀, wọ́n ní kó gbé e lọ sílé kó fi mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà wà nílé wọn lọ́jọ́ náà, ó ní kí wọ́n gbé òun délé. Iwájú ló jókòó sí, Tíṣà wà lẹ́yìn. Wọ́n dé kọ́nà, ọmọ náà dín eré kù bó ṣe yẹ. Obìnrin náà fọwọ́ pa á léjìká, ó ní kó má mikàn, kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀rù, díẹ̀díẹ̀ á lọ. Tíṣà pariwo láti ẹ̀yìn pé kì í ṣe ẹ̀rù, kọ́nà ni, gbogbo ẹni tó gbọ́n ló ń dín eré kù ní kọ́nà.

"Ta ló sọ fún wa pé ojo ni?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í láìwo ẹ̀yìn. "Àbí èmi ni mo bí i?"

Nígbà tí obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, Tíṣà bọ́ sí iwájú. Ó ní kí ọmọ náà má dá a lóhùn, òun mọ̀ dájú pé kì í ṣe ojo. Ọmọ náà wo títì lápá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó bọ́ sójú ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí ní gbogbo kọ́nà," ó wí. "Mo mọ bíréèkì í tẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn ṣì wà níbẹ̀. N kò wá mọ̀ bóyá èmi ni mo ni ín tàbí ẹ̀yin."

Tíṣà ní òun ni. Ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ti ń dúró de ìbéèrè náà.

"Tó bá jẹ́ tiyín, ẹ gbà á padà."

Kò fi ṣàwàdà, kò sì fi bínú. Títì ló ń wò. Kọ́nà tún ń bọ̀ níwájú, Tíṣà sì ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ìjókòó, ó di orúnkún ara rẹ̀ mú.